Orogún Mi àti Kọ̀ǹpútà Olójú Mẹ́ta

Àwọn obìnrin mìíràn a máa gbàdúrà kí orogún wọn kó ẹrù rẹ̀ jáde. Èmi rèé, orogún mi fẹ́ lọ, mo sì ń sunkún bí ẹni tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé. Bí oníbàárà bá bi mí ní ìsọ̀ gààrí mi lọ́jà Ìwó pé kí ló dé tí ojú mi pọ́n, eruku ni mo máa ń purọ́ mọ́. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún tí kò ní fi mí rẹ́rìn-ín? Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Ọmọ Kuta ni Rúkáyátù. Ọkọ wa, ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ní kéwú, ló fẹ́ ẹ lé mi. Iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó mi yìí kọ́kọ́ rú mi lójú. Kọ̀ǹpútà ló fi ń ya àwòrán ilé fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Ojú kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló tò sórí tábìlì: ìpìlẹ̀ ilé wà lójú ọ̀kan, bí ilé náà yóò ṣe rí bó bá dúró tán wà lójú èkejì, ọ̀rọ̀ tí òun àti onílé jọ ń sọ wà lójú ẹ̀kẹta. Mo máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo máa ń wò ó. Ẹ gbà mí! Ilé tí kò tíì sí lórí ilẹ̀, ọmọ yìí á ti máa rìn kiri inú rẹ̀!

Àfi lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun alásárì, tí ọkọ wa ṣubú lulẹ̀ láàárín àwọn ọmọ kéwú. Rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ohùn tó máa ń dún jáde níta wa sì dákẹ́. Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn. Èmi àti ìyàwó mi jọ ń pín ìtọ́jú rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Rúkáyátù la fi ń ra oògùn, iṣẹ́ ọ̀hún sì wà lórí tábìlì ní Ìwó. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ gbé tábìlì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn?

"Ìyáálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní pọ́tìmáńtò yín àtijọ́ yẹn."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ to kọ̀ǹpútà sínú rẹ̀ ni, mà."

Mo rò pé wàhálà ti fẹ́ da ọmọ ọlọ́mọ lórí rú. Àṣé irú lápútọ́ọ̀pù kan wà tí gbogbo ara rẹ̀ ṣe é tú: ojú rẹ̀ ṣe é tú, bátìrì rẹ̀ ṣe é tú, pátákó pẹlẹbẹ tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ gan-an ṣe é yọ kí a gbé e sínú nǹkan mìíràn. Rúkáyátù ní kí àwọn tó ń tà á fi àwọn ẹ̀yà náà ránṣẹ́ sí òun. Irin tí wọ́n fi ń so ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ló rà lọ́jà wa, ó fi so ojú méjì mọ́ ti àárín, kí wọ́n lè máa ṣí bí fèrèsé aláwẹ́ méjì. Èmi ń bá a di wáyà mú, mo sì ń ṣa sìkúrúù wẹ́wẹ́ sínú kóńgò tí mo fi ń wọn gààrí.

Nígbà tó tàn án, ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lẹ̀ kedere. Mo pariwo Àláhù Àkíbárù! Kò pẹ́ sí i ni gbogbo rẹ̀ kú, tí pọ́tìmáńtò gbóná bí ìkòkò orí iná. Ọkàn mi já. Rúkáyátù fọwọ́ kàn án, ó rẹ́rìn-ín.

"Kò bàjẹ́, ìyáálé mi. Ooru ló mú un. A ò fún un ní ibi tí atẹ́gùn máa gbà wọlé."

Ó fi irin gbígbóná lu ẹ̀gbẹ́ pọ́tìmáńtò mi ní ihò, ó fi fáànù kékeré sí i. Ó tún tàn án, kò kú mọ́. Bó bá ti pa á dé báyìí, á gbé e dání bí arìnrìn-àjò, ó di inú ọkọ̀ Ìbàdàn.

Ní ilé ìwòsàn, ó kíyè sí i pé ojú ọkọ wa kì í kúrò lára ẹ̀rọ náà. Ó yí ojú kan sí i, èyí tí èèyàn lè fi ìka tẹ̀, ó to lẹ́tà kéwú gàdàgbà-gàdàgbà sórí rẹ̀.

"Ààfáà, ẹ fi ọwọ́ òsì yín tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ ọ̀kan, ó sinmi, ó tẹ òmíràn. Èmi tí n kò mọ ìwé òyìnbó, mo mọ kéwú kà. Yorùbá ló fi lẹ́tà kéwú kọ: Ṣé ẹ ti jẹun?

Háà! Ẹni tí a rò pé ọkàn rẹ̀ ti lọ, ebi tiwa ló ń rò! Èmi àti orogún mi dì mọ́ra, a bú sẹ́kún, títí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé pé ta ló kú.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọkọ wa ti wà nílé báyìí. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ọ̀rọ̀ sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò ẹ̀rọ náà tí nọ́ọ̀sì yẹn yà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn kan ní Àbújá, tí wọ́n ń ṣe ohun èlò fún àwọn aláìsàn tí kò lè fọhùn. Wọ́n ní kí Rúkáyátù wá máa bá àwọn ṣiṣẹ́. "Kó... máa... lọ," ni ọkọ wa wí. Àmọ́ láàárọ̀ àná, ọmọ náà wá kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Ìyáálé mi, bí ẹ bá ní kí n má lọ, n kò ní lọ. N kò sì ní bínú."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń pa mí. Gbólóhùn kan péré ni mo lè fi dá a dúró! Ta ni yóò máa bá mi ṣàwàdà bí mo bá ti ọjà dé? Ta ni mo fẹ́ máa dúró lẹ́yìn rẹ̀ wò? Ṣùgbọ́n àwọn mélòó ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbi kan tí ọ̀rọ̀ kún inú wọn, tí ẹnu wọn kò lè gbé e jáde? Ṣé tìtorí àánú ara mi ni mo ṣe máa há ọmọ tó gbọ́n tó báyìí mọ́lé?

Mo ti mọ ohun tí n ó sọ. Kí ó máa lọ ni. Ìmọ̀ràn tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín kò ju ọ̀kan lọ: ẹ̀yin tí ẹ ti sin ẹni tí ẹ fẹ́ràn dé ibùdókọ̀ rí, báwo lẹ ṣe ṣe ojú yín? Mo mọ Rúkáyátù. Bó bá rí omijé kan ṣoṣo lójú mi, yóò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.