Fíríìjì Abọ́sẹ̀dé Tó Kú Nílé Ọkọ

Rárá o, Ìyá Ṣàfíù, mi ò jókòó! Ẹ jẹ́ kí àga yín wà níbẹ̀, ẹ má bu omi fún mi, omi kọ́ ló gbé mi wá sí Pápá Àjàó láàárọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà sì ti há mi lọ́fun láti àná, mi ò lè gbé e mì, mi ò lè pọ̀ ọ́. Ọmọ yín ta fíríìjì fún mi, fíríìjì ti kú, ọmọ yín sì ní gárántì ti tán, kí n máa lọ! Ó ní kí n máa lọ! Ṣàfíù! Sí èmi!

Èmi tá a jọ ń pàtẹ àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa lọ́jà Oto, tẹ́ ẹ bá lọ kírun, èmi ni mò ń bá yín tajà, tí mo bá lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin lẹ̀ ń bá mi ṣọ́ igbá. Ṣé mo bẹ̀ yín ni? Ṣé mo ní kẹ́ ẹ wá ibi tí mo ti máa ra fíríìjì fún mi? Nígbà tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, bọ́ sí bàbá Abọ́sẹ̀dé lọ́wọ́ ní Relúwéè, tí gbogbo Mushin ń sáré ra tẹlifíṣàn, mo ní tèmi ò ju fíríìjì lọ, ẹrù ìyàwó ọmọ mi. Mo ti múra, mo fẹ́ sọdá sí Èkó, sí àwọn ṣọ́ọ̀bù òyìnbó lọ́hùn-ún, ẹ̀yin lẹ fà mí láṣọ. Ẹ ní, “Ìyá Abọ́sẹ̀dé, kí lò ń wá lọ sí Èkó nígbà tí ọmọ wa ní ṣọ́ọ̀bù?” Ọmọ wa! Àbí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀?

A débẹ̀, Ṣàfíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Mọ́mì, tuntun ni o, ọdún kan ni gárántì ẹ̀.” Mo ní Ṣàfíù, ẹrù ìyàwó ni o, wọn kì í lo ẹrù ìyàwó kó tó délé ọkọ, kò ní ṣiṣẹ́ kankan nílé mi. Ó ní, “Ẹ má wulẹ̀ tàn án, Mọ́mì. Ọjọ́ tí wọ́n bá tàn án nílé ọkọ ni gárántì ẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.” Níbo lẹ wà nígbà yẹn? Ẹ̀gbẹ́ mi níbẹ̀! Ẹ tiẹ̀ fọwọ́ gbá mi léjìká, ẹ ní ṣé mo gbọ́ bí ọmọ ṣe mọṣẹ́ ẹ̀.

Ni mo bá gbé e sí páálọ̀, mo da aṣọ funfun bò ó lórí ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Bàbá Abọ́sẹ̀dé tó fowó rà á, kò fi mu omi tútù rí! Lọ́jọ́ kan tí ooru mú un, ó ní ká jọ̀ọ́ tàn án díẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà, mo ní ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ yín gbé àlòkù wọ ilé onílé ni? Bẹ́ẹ̀ ni baba ṣe lọ ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara ẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Ìgbà tó yẹ ká ṣègbéyàwó, bàbá ọkọ Abọ́sẹ̀dé, bàbá Gbádé, kú, àwọn àna ní àwọn ò lè máa jó lórí òkú tútù, ká dúró kọ́dún yí po. A dúró. Fíríìjì dúró. Èmi ò mọ̀ pé gárántì ò dúró!

Wọ́n wá gbé e dé ilé ọkọ ní Yábà. Wọ́n tàn án, gbogbo ilé ń yọ̀, ìyá Gbádé gbé mínírà sí i fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀. Oyún Abọ́sẹ̀dé ò tíì hàn síta tí fíríìjì fi gbin, ó tún gbin, ó dákẹ́. Títí dòní! Wọ́n ti tì í sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, bàtà ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀. Bàtà, Ìyá Ṣàfíù! Nínú ẹrù ìyàwó ọmọ mi!

Mo lọ bá Ṣàfíù lánàá. Kò dọ̀bálẹ̀ mọ́ o. Ó fìka tọ́ rìsíìtì, ó ní ọjọ́ tí mo rà á ni wọ́n ti ń ka ọdún, kí n wá ẹni tó máa bá mi tún un ṣe. Mo ní ọ̀rọ̀ tó o fẹnu ara ẹ sọ ńkọ́? Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu ò sí nínú ìwé. Ẹ gbà mí o! Ta ló ń kọ ìwé bá ọmọ ọ̀rẹ́ ẹ̀? Ká ní òyìnbó ni mo lọ bá ní Èkó, mi ò ní gba ẹnu lásán lọ́wọ́ ẹ̀, màá ní kó kọ ọ́ kó fọwọ́ sí i. Torí pé ọmọ yín ni, mo ní kò burú. Ẹ̀rọ tí ò tíì ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan, ọdún wo ló lò? Ṣé ẹni tó ń tà nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́, ẹni tó ń rà ò ní? Bàbá Abọ́sẹ̀dé ní ká gba lọ́yà. Mo ní lọ́yà kẹ̀! Kí n gbé ọmọ Ìyá Ṣàfíù lọ sí kóòtù, kí n wá padà jókòó tì í lọ́jà? Ojú yín ni mò ń wò. Mo ṣì ń wò ó báyìí.

Èyí tó dùn mí jù, ẹ ò tíì gbọ́ ọ. Ìyá Gbádé yẹn, tíṣà àgbà ni, kì í pariwo. Ó pe ọmọ mi jókòó, ó ní, “Ìyàwó wa, má bínú o, mò ń nu fíríìjì yẹn, mo rí ipẹ́ ẹja nínú ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀. A ò sì gbé ẹja sí i rí nílé yìí. Ṣé mọ́mì yín ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ ni?” Jẹ́ẹ́jẹ́ ló sọ ọ́ o! Ì bá kúkú gbá a létí. Pé a fi àlòkù sin ọmọ wa wá! Látìgbà yẹn, tí Abọ́sẹ̀dé bá ti ọjà dé, tó ní iye báyìí lòun ra ẹran, wọ́n á wo ara wọn lójú. Gbádé fúnra ẹ̀, ọkọ tó fẹ́ràn ẹ̀ bí ojú, bi í pé, “Kí lo tún fi pa mọ́ fún mi?” Ọmọ tí ò purọ́ rí láyé ẹ̀! Ó wá sunkún sí mi lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ikùn níwájú.

Ni mo bá gbéra ní Sọ́ńdè tó kọjá, mo lọ sí Yábà. Mo mú Bíbélì lórí tábìlì wọn, mo gbé e ka orí, mo ní bí ẹnikẹ́ni bá ti lo fíríìjì yìí rí kí ọmọ mi tó gbé e wọlé yín, kí n má fọwọ́ mi méjèèjì gba ọmọ tó wà nínú Abọ́sẹ̀dé. Mo sọ ọ́ ketekete. Ìyá Gbádé gan-an ní ó tó, ó tó. Mo ní kò tó! Torí ó dá mi lójú. Mo gbójú lé ọmọ yín, mo gbójú lé ẹ̀yin náà.

Ẹ̀n-ẹ́n? Kí lẹ sọ?

Ẹ ní kí n má ba ọjà ọmọ yín jẹ́, pé fíríìjì yẹn dáa, pé ó ń mú omi tutù bíi yìnyín... lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ ta ni, Ìyá Ṣàfíù? Ẹ má bojú wẹ̀yìn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ tún un sọ.

Nílé yín níbí.

Nígbà ààwẹ̀. Torí pé tiyín bàjẹ́. Ṣàfíù gbé e wá láti ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ fi gba ààwẹ̀, ó sì gbé e padà. Ẹ ní kò pẹ́. Ẹ ní ẹ nù ún! Ẹ nù ún, wọ́n fi ọ̀rá wé e, ẹ wá mú mi lọ́wọ́ lọ rà á! Háà! Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó ní tuntun ni, ẹ rẹ́rìn-ín! Ìdí nìyẹn tó fi ní kí n má tàn án, àṣé kí gárántì lè kú jẹ́ẹ́jẹ́ sínú páálọ̀ mi ni! Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ẹni a ní kó kínni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Ìyá Ṣàfíù, kí ni mo fi ṣe yín? Kí ni mo ṣe?

Àná tọ́mọ yín lé mi, ọkàn mi ò bàjẹ́ tó báyìí. Mo ní ọmọdé ni, owó ló ń pa á bí ọtí, ìyá ẹ̀ máa bá a wí. Ìyá ẹ̀!

Ẹ dìde nílẹ̀. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, ẹ jù mí lọ, mi ò fẹ́ ẹ̀. Ẹ ní Ṣàfíù máa gbé òmíràn fún mi? Kí n fi ṣe kí ni? Kó gbé mẹ́wàá wá, ṣé fíríìjì máa bá mi gba ìbúra mi padà lẹ́nu mi? Mo fi ọmọ inú ọmọ mi búra, irọ́ ni ìbúra mi, ẹ̀yin sì mọ̀, ẹ̀ ń wò mí lójú lọ́jà lójoojúmọ́, ẹ̀ ń bá mi pín ẹ̀pà jẹ!

Ìyá Gbádé wà nílé báyìí, wọ́n ti gba ọlidé. Yábà là ń lọ. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú wọn, èmi ni mo búra, kí wọ́n bá mi bẹ Ọlọ́run. Ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí náà lẹ máa sọ ọ́, ààwẹ̀ tẹ́ ẹ fi gbà, ẹja tẹ́ ẹ kó sí i, gbogbo ẹ̀, kí Gbádé gbọ́, kó wo ojú ìyàwó ẹ̀. Tí ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò, mo wà níbẹ̀.

Kí lẹ tún ń wá? Gèlè? Ẹ fi gèlè sílẹ̀, Ìyá Ṣàfíù. Ẹ wọ bàtà, ká máa lọ.