Àga Eré Ìje fún Ẹnìkan Ṣoṣo

Ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Ìbàfò, ọkùnrin kan jókòó sínú àga ọkọ̀ eré ìje tó fẹ́ rà, ìyàwó rẹ̀ tó lóyún sì dúró tì í.

"Bẹ́líìtì yìí dè mí léjìká méjèèjì," ọkọ wí. "Tí mo bá ń sáré ìje, mi ò ní mì rárá."

"Ẹ kú oríire, Dádì Tóbi. Àga tèmi ńkọ́?"

"Mo ti yọ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀ wa. Ó ń jẹ́ kó wúwo."

"Ọkọ̀ yẹn náà lẹ fi ń gbé mi lọ sí ọsibítù."

"Tí mo bá gbé ẹ, jẹ́ẹ́jẹ́ ni mo máa ń wà á."

"Ó dáa. Àwọn tírélà tó ń sáré ní Mówè náà ti gbọ́ pé jẹ́ẹ́jẹ́ ni."

Ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú bẹ́líìtì.

"Ẹ lọ dá àga mi padà," ìyàwó wí. "Èmi àti ọmọ inú mi yìí la wúwo jù nínú ọkọ̀ yẹn, a ò sì ní sọ̀kalẹ̀."