Ìwé Afí Ṣì Wà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ó ti lé lógún ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. N kò fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí bàbá kan bẹ̀ mí sí ní Datcha lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú kí n kọ̀wé sí yín.

Akólòlò ni mí. Nígbà tí èmi àti Afí jọ wà ní lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama, ní Atakpamé, bí olùkọ́ bá ti ní kí n kàwé, Afí á máa sín mi jẹ. Ó sọ mí ní Mọ́tò-Kọ̀. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń fi orúkọ yẹn pè mí lọ́jà. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wá pa àwa méjèèjì pọ̀, ó ní ká wá ṣàlàyé àwọn àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ti inú ayò káàdì wá. Afí yá káàdì lọ́wọ́ àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. À ń ta á, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ní ẹnì kan gbé káàdì rẹ̀ mọ́ àyà, kò fẹ́ kí a mọ èrò òun ni, torí ẹni tí kò bá gbé e mọ́ àyà, ẹni tó jókòó tì í á yọjú wò ó. Bí wọ́n bá ní ó ní káàdì nínú apá ẹ̀wù, ó ní agbára kan tó fi pamọ́. Àwọn onímàgòmágó ló ń há káàdì tó lágbára jù síbẹ̀. Afí mọ̀wé, n kò ní purọ́.

Ó ku ọjọ́ méjì ká sọ̀rọ̀, ó sọ lójú gbogbo kíláàsì pé òun nìkan ló máa sọ ọ́, kí ilẹ̀ má bàa ṣú bá wa níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú bí mi gan-an. Mo gba ilé bàbá rẹ̀ lọ.

Àgbà ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ni bàbá náà, kì í jẹ́ kí káàdì wọ ilé òun. Mo ní Afí ń ta tẹ́tẹ́. Mo fi ibi tí káàdì wà hàn án. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti kọ́kọ́ jí ìwé tó ń kọ àlàyé náà sí gbé, kó má bàa rí nǹkan kan fi gbèjà ara rẹ̀.

Bàbá sun káàdì. Ó mú Afí kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, ó fi ránṣẹ́ sí oko ìyá rẹ̀ àgbà ní Moretan. Mo wò ó bó ṣe ń sunkún nínú ọkọ̀. Inú mi dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ó ṣì ń dùn bí mo bá rántí.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lèmi náà báyìí. Ìwé Afí ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Láti ìgbà yẹn, Afí kò fẹsẹ̀ tẹ ilé bàbá rẹ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá Afí ránṣẹ́ pè mí sí Datcha láti orí ibùsùn àìsàn.

“Ọmọ mi, ìwọ lo wà níbẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni Afí ta tẹ́tẹ́?”

Mo rántí Mọ́tò-Kọ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

N kò tilẹ̀ kólòlò.

Ó sunkún. Ó ní ọwọ́ òun ń gbọ̀n, kí n padà wá lọ́jọ́ Àìkú, kí n bá òun kọ lẹ́tà sí Afí pé òun ti dárí tẹ́tẹ́ jì í, kó wá rí òun kóun tó kú. Mo mọ Afí. Kò ní wá gba ìdáríjì ohun tí kò ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n gbàgbé, Afí kò bẹ̀ mí rí. Ẹ ṣáà sọ fún mi: kí ni kí n kọ sínú lẹ́tà bàbá yìí?