Ìbọn Amẹ́ríkà Tó Wà Lábẹ́ Ibùsùn Mi

Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ jókòó. Ohun tí mo gbé mì ti ń jẹ mí nínú tipẹ́, n ò sì lè gbé e wọ sàréè. Ìyá Rídwàn, ẹ gbé abọ́ ẹ̀kọ yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ̀rù ń bà mí o.

Gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ pé èmi Mọ́rúfù mọ ìbọn àtijọ́ bí ẹní mowó. Ògiri pálọ̀ mi kún fún wọn. Èmi náà ni Rídwàn, ọmọ yín, gbé ìbọn bàbá ńlá wọn wá bá, èyí tó ti pẹ́ lórí àjà, pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kí òun tó yìn ín níbi ìwúyè òun ní Ìbefun. Áà! Ìbọn Amẹ́ríkà ni, ọjọ́ orí rẹ̀ ju igba ọdún lọ. Ọ̀pá rẹ̀ gùn, ó ní igun mẹ́jọ, àpótí idẹ kékeré wà lára igi ìdí rẹ̀. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń wá irú rẹ̀. Ojú mi wọ̀ ọ́.

Mo ní, "Ṣakabùlà lásán ni. Fi í sílẹ̀ kí n tún un ṣe."

Mo mú ṣakabùlà kan nínú tèmi, mo ha á, mo kan idẹ mọ́ ìdí rẹ̀, mo kùn ún, títí ó fi jọ tiyín. Nínú iṣẹ́ wa, ohun àkọ́kọ́ ni ká ti ọ̀pá tín-ín-rín bọ ẹnu ìbọn, ká wò ó bóyá ó dé ìsàlẹ̀. Mo tì í bọ̀ ọ́. Kò dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀tù àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Mo ní màá yọ ọ́, ni Rídwàn bá kan ilẹ̀kùn: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ó ti parí?" Bó bá jókòó tì mí níbẹ̀, ó lè rí i pé kì í ṣe tiwọn. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀tù tó ti pẹ́ ti kú. Mo gbé e fún un. Yéè, èmi ìkà, mo gbé e fún un!

Mukhtar, àbúrò rẹ̀, ló ki ẹ̀tù sí i lọ́jọ́ ìwúyè. Rídwàn yìn ín, ìbọn fọ́ mọ́ ọn lójú. Kò dé ilé ìwòsàn.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Ẹ kó àfọ́kù ìbọn náà wá, ẹ ní èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lójú gbogbo yín, mo ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ki í." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú Mukhtar ni mo ń wò bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó kígbe, "Mo fi Alùkùràánì búra, ẹ̀ẹ̀kan ni!" Wọ́n ní oyè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń jowú, wọ́n lé e kúrò nílé. Ẹ wá sunkún sí mi lọ́rùn: "Ọmọ méjì ni mo bí, ìbọn kan gba méjèèjì." Mo ní kí ẹ fara dà á.

Láti ìgbà tí àìsàn ti dá mi dùbúlẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi láràárọ̀, ẹ ní mo sọ òótọ́ fún yín nígbà ìpọ́njú. Kí ni n ó sọ fún Munkari àti Nakiri, àwọn málàíkà tó ń bi òkú léèrè nínú sàréè?

Ẹ dárí jì mí. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ ṣáà pe Mukhtar wálé. Ìbọn yín wà lábẹ́ ibùsùn tí mo sùn lé yìí. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mukhtar ni kó wá fà á jáde.

Ìyá Rídwàn! Ṣé abọ́ ẹ̀kọ yẹn lẹ tún ń gbé? Ẹ má lọ. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ì tíì lọ.