Orúkọ Bàbá Mi Ni Mo Kọ Sábẹ́ Fọ́tò Tí Wọn Ò Yà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ti lé ní ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Ǹ bá ṣì dákẹ́, àmọ́ lọ́la, lẹ́yìn ìsìn, màmá mi fẹ́ lọ kúnlẹ̀ bẹ ẹnìkan nítorí ohun tí mo ṣe. Wọn ò mọ̀ pé èmi ni. Wọ́n rò pé bàbá mi ni, bàbá mi sì ti kú.

Fẹ́sítáàkì ni wọ́n bí mi sí. Ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́, Akọ̀wé sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, títí wọ́n fi kú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Bí wọ́n bá ṣèèṣì mú bírò ọ́fíìsì wálé, wọ́n á dá a padà lọ́jọ́ kejì. Wọn ò ní kámẹ́rà rí láyé wọn.

Èmi wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn èèyàn sínú ìwé ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ẹnikẹ́ni lè kọ, tí ẹnikẹ́ni sì lè tún ṣe. Lọ́sàn-án Sátidé, a máa ń pàdé ní pálọ̀ Àǹtí Bísí, olórí wa, ní Amúwò. Ohun tí o bá kọ, o gbọ́dọ̀ fi ibi tó ti wá hàn. Fọ́tò tí o bá lò, ẹni tó yà á gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà pé òun fọwọ́ sí i. Èmi gan-an ni mo le jù. Bí ẹnìkan bá kọ gbólóhùn kan láìsí ẹ̀rí, màá pa á rẹ́, màá sì tún bú u lé e. Kọ́sítọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè mí, bí àwọn aṣọ́bodè.

Àwa mẹ́rin la jọ kọ ìtàn Màmá Oníròyìn, ìyá àgbà àdúgbò wa kan tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ka ìròyìn Yorùbá lórí rédíò kí wọ́n tó kú. Ìtàn náà dára, àmọ́ kò ní fọ́tò. Mo sì mọ ibi tí fọ́tò wà. Ara ògiri pálọ̀ wa ni: Màmá Oníròyìn níwájú maikirofóònù, wọ́n ti gbé awò ojú wọn sí iwájú orí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mo yọ ọ́ nínú férémù. Mo rí òǹtẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá Fọ́tò ní Kúje tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Amúwò. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni Bàbá Fọ́tò, àwọn ló ya Màmá Oníròyìn, tí wọ́n sì fún bàbá mi ní ẹ̀dà kan. Ká ní mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Kúje, kí n kúnlẹ̀ kí wọn, kí wọ́n fọwọ́ sí lẹ́tà, ó parí. Àmọ́ ìdíje ń lọ láàárín àwọn ẹgbẹ́, mo sì ń kánjú. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní kí n jókòó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Mo ṣe ẹ̀dà iwájú fọ́tò náà nìkan, mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó yà á, mo kọ orúkọ ara mi.

Àǹtí Bísí rí i lójú gbogbo ẹgbẹ́. Wọ́n ní, "Kọ́sítọ́ọ̀mù, ìwọ lo ya fọ́tò yìí? Ọdún wo ni wọ́n bí ẹ gan-an?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo ní, "Ẹ má bínú Àǹtí, mistéèkì ni. Dádì mi ló yà á, èmi ni mo jogún ẹ̀."

Wọ́n gbà mí gbọ́. Ta ló máa ń fi bàbá rẹ̀ tó ti kú purọ́? Mo pa orúkọ mi rẹ́, mo fi ti bàbá mi sí i. Mi ò dá fọ́tò náà padà sára ògiri mọ́, nítorí òǹtẹ̀ yẹn ń bà mí lẹ́rù.

Oṣù tó kọjá ni Bàbá Fọ́tò wá sílé wa. Àwọn ọmọ wọn fẹ́ kó àwọn fọ́tò tí wọ́n ti yà jọ sínú ìwé fún ọgọ́rin ọdún wọn, àmọ́ ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní ẹlòmíràn ló ni ti Màmá Oníròyìn. Ó fi orúkọ tó wà lábẹ́ fọ́tò náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì hàn wọ́n lórí fóònù.

Wọ́n ní, "Ọmọ Akọ̀wé, orúkọ bàbá ẹ ni mo rí níbẹ̀ o. Báwo ló ṣe jẹ́?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni mo ti ba ara mi jẹ́ pátápátá. Mo ní, "Dádì ló sọ fún mi pé àwọn ló yà á, sà."

"Akọ̀wé sọ bẹ́ẹ̀?" Wọ́n wá wo ògiri. "Èyí tí mo fún un dà? Òǹtẹ̀ mi wà lẹ́yìn ẹ̀. Ìyẹn nìkan ló kù tí mo lè fi hàn wọ́n. Ilé àbúrò mi ní Abúlé Adó ni mo kó àwọn fíìmù mi sí, gbogbo fíìmù náà ló sì bá ìbúgbàmù gáàsì tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ."

Mo ní ikán ti jẹ ẹ́. Inú báàgì mi ló wà, ní yàrá.

Wọn ò mu omi tí màmá mi gbé fún wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, màmá mi bi mí bóyá lóòótọ́ ni dádì sọ bẹ́ẹ̀. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Ṣé mi ò wá mọ ọkọ mi tán ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ mí lọ́kàn títí di òní. Ìwé náà ti jáde báyìí, fọ́tò tí bàbá yẹn fẹ́ràn jù ò sí nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí màmá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde.

Kí n pa orúkọ kan rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kò tó ìṣẹ́jú kan. Mi ò ṣe é, nítorí ojú ewé yẹn kì í gbàgbé. Gbogbo àtúnṣe ló ń fi orúkọ ẹni tó ṣe é hàn. Àǹtí Bísí máa rí i, gbogbo ẹgbẹ́ máa rí i. Kí ojú má baà ti Kọ́sítọ́ọ̀mù, mo sọ bàbá mi di olè nínú sàréè. Wọ́n ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Bàbá mi ò jalè rí, èmi ni mo da aṣọ náà bò wọ́n.

Òní ni Sátidé. Mi ò lọ sí Amúwò. Màmá mi ti lọ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ sí Kúje lọ́la. Wọ́n ní, "Dádì ẹ ò lè bẹ̀bẹ̀ mọ́, èmi ni màá bá wọn bẹ Bàbá Fọ́tò. O máa dì mí mú kí n lè kúnlẹ̀." Orúnkún ti ń dùn wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́.

Fọ́tò náà wà lórí ẹsẹ̀ mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mo dojú rẹ̀ dé, òǹtẹ̀ ló wà lókè. Màmá mi wà ní pálọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti dìde, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo padà jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ọ̀rọ̀ wo ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún wọn kí orúnkún wọn tó kanlẹ̀?