Mo Parọ́ Pé Rézò Kò Wọ Ilé Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ mi yìí, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á parí kí ẹ tó bú mi. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin tí mo ti gbé irọ́ kan mì. Ní Iléyá tó kọjá, mo bi ìdajì rẹ̀ jáde, ara sì tù mí gan-an. Ìdajì tó kù ló mú mi kọ̀wé, torí ohun kan ṣẹlẹ̀ lánàá tí n kò lè dá gbé.

Epo pupa ni mò ń ṣe ní Banigbé, nítòsí ẹnubodè Nàìjíríà. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, èmi ni mo sì wà lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Àbúrò mi kan ṣoṣo, Wàsíù, ń gbé ní Kútọnù pẹ̀lú Nádíà ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì. Wàsíù máa ń ya àwòrán ilé lórí kọ̀ǹpútà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Ojoojúmọ́ ni òun àti àwọn tó gbéṣẹ́ fún un ń sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá sí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí iṣẹ́ fún un.

Wàsíù kọ́ ilé kan sí orí òkè kékeré tó wà lẹ́yìn agboolé wa. Yàrá mẹ́ta ni, pẹ̀lú pálọ̀ àti kárò dídán tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ó ní ilé vakáǹsì ni, pé bí wọ́n bá ti ti ilé ìwé, òun àti ìyàwó òun àti àwọn ọmọ á máa wá lo oṣù méjì gbáko lọ́dọ̀ Ìyá. Inú Ìyá dùn, wọ́n ń ka ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ wá ku rézò tí fóònù fi ń gba ìpè àti íńtánẹ́ẹ̀tì. Rézò tiwa ní ibí, á yọjú, á tún sá lọ, bí àlejò tó ń bẹ̀rù ajá. Wàsíù wádìí nípa àwo tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti ojú ọ̀run, owó rẹ̀ ga ju agbára rẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni ẹnì kan sọ fún un pé púùsì Nàìjíríà, káàdì pélébé tí wọ́n ń fi sínú fóònù, ni àwọn oníṣòwò Ìgòlò ń lò, torí rézò ò mọ ẹnubodè, kò sì wọ́n. Ó ra àpótí wífì kékeré kan, ó fi rán sí mi. Ó ní kí n lọ ra púùsì ní Ìgòlò, kí n gbé àpótí náà ká gbogbo fèrèsé ilé. Bí iná rẹ̀ bá pupa, kò gbà nìyẹn. Bó bá di àwọ̀ ewé, kí n pe òun kíá.

Mo gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, lọ sí Ìgòlò, mo ra púùsì, mo padà. Mo gbé àpótí náà sí fèrèsé pálọ̀, ó pupa. Yàrá kìíní pupa, ìkejì náà pupa. Mo gbé e dé yàrá kẹta, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìhà Nàìjíríà, ó di àwọ̀ ewé. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé n kò rí i dáadáa o. Mo wo wàásù ààfáà kan níbẹ̀ lórí fóònù mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ààfáà fi ṣe àdúrà ìparí, kò dúró rárá. Orí bídọ́ọ̀nù, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì epo, ni mo jókòó sí tí mo fi wò ó.

Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Yàrá yẹn kún fún epo mi. Ẹni tó bá ń ṣe epo á mọ̀ pé nígbà tí ẹyìn bá pọ̀, epo kì í níye lórí. Ẹni tó bá ríbi kó o sí títí di ìgbà ọ̀wọ́n ló ń jèrè. Wàsíù ní kí n máa bá òun gbá ilé, kò ní kí n sọ ọ́ di ìsọ̀ epo. Bídọ́ọ̀nù ti ga dé ojú fèrèsé, kárò ti pọ́n. Oṣù tí wọ́n fẹ́ dé, epo ò ní tíì wọ́n. Mo jókòó, mo rò ó, mo pe Wàsíù. Mo ní: "Pupa ni o, gbogbo yàrá pátá."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun dúpẹ́ fún wàhálà mi. Ẹ wo ayé mi, ó dúpẹ́.

Mo rò pé ọdún kan ṣoṣo ni, pé bí mo bá ti ta epo yẹn, màá wá ọ̀nà sọ fún un pé rézò ti dé. Ọdún kejì, epo mìíràn dé. Wàsíù tún ní kí n ra púùsì ilé-iṣẹ́ mìíràn wò. N kò tilẹ̀ yọ wífì náà kúrò lábẹ́ àwọn ìró mi tí mo fi sọ fún un pé pupa ni. Kò sì sẹ́ni tó lè já mi nírọ́, torí agboolé wa wà nísàlẹ̀, púùsì Nàìjíríà kì í gbà níbẹ̀. Bó ṣe di pé Iléyá nìkan ni wọ́n ń wá nìyẹn, ọjọ́ méjì péré, iṣẹ́ á sì pè é padà. Wàsíù ò tún un dán wò fúnra rẹ̀, ó ti gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Kí wọ́n tó dé, mo ti máa kó epo lọ sí ilé ọkọ mi, níbi tí wọn ò lè gbà á ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, mo máa fi ọṣẹ fọ ilẹ̀, mo máa sun tùràrí bí ẹni tó ń retí ọba. Nádíà á ní ilé ń ta sánsán.

Bó bá jẹ́ pé èmi àti Wàsíù nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, bóyá n kò ní kọ̀wé. Ìyá ni kò gbà. Wọ́n ní ta ló ń jẹ́ rézò, ṣé rézò ló bí Wàsíù ni? Wọ́n ní ìyàwó ni kò fẹ́ kó sun ilé, pé obìnrin ìlú ńlá ni, pé ó ń bẹ̀rù ẹ̀fọn àti ìdọ̀tí wa. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ǹ bá fi gba Nádíà sílẹ̀. N kò sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kórìíra mi, ọjọ́ kan tilẹ̀ wà tí mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Iléyá tó kọjá, Nádíà din ẹran, ó gbé e síwájú Ìyá. Ìyá fi ọwọ́ ti àwo náà. Wọ́n ní: "Ìwọ lo gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Má fi ẹran tàn mí." Nádíà kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú. Ó gbé àwo náà padà. Wàsíù ti lọ kí àwọn èèyàn, kò gbọ́. Èmi gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Nádíà wá bá mi ní ẹkù, níbi tí mo ti ń fún epo. Ó di ìró rẹ̀ mọ́dìí, ó ki ọwọ́ bọ ẹyìn pẹ̀lú mi, obìnrin tí wọ́n ní ó ń bẹ̀rù ìdọ̀tí. Ó ṣe díẹ̀, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi wá rézò nínú ilé yẹn. Bó jẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló wà, màá gbé àga síbẹ̀ fún bàbá àwọn ọmọ. Mo fẹ́ kí Ìyá rí i pé n kì í ṣe èèyàn burúkú."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tilẹ̀ lọ jìnnà. Ọwọ́ mi dúró nínú epo, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí wàásù ààfáà dé orí tùràrí.

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ẹyìn. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé yàrá wo. Mo ní ìkẹta. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní abájọ tí tùràrí fi ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Èmi tí mo jù ú lọ, mo kúnlẹ̀ fún un. Òun náà ló fà mí dìde.

Nígbà tí Nádíà sọ fún Wàsíù, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi gbé ìpè mi. Lọ́jọ́ tó pè, ó kàn ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, níbo ni wífì yẹn wà?" Mo ta gbogbo epo mi ní iye tí ọjà ń pè, kò sì dùn mí. Mo fọ kárò títí ẹ̀yìn mi fi ro mí. Kò sí tùràrí lọ́tẹ̀ yìí.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí tí wọ́n wà níbí. Wàsíù gbé tábìlì rẹ̀ sí fèrèsé yàrá kẹta, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ń pariwo ká gbogbo agboolé. Mò ń jẹun, ó ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ọlọ́run ṣeun, ẹrù ńlá ló kúrò lórí mi. Wífì yẹn náà ni mo fi ń fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí yín.

Ìyá nìkan ni kò tíì mọ̀. Mo fẹ́ sọ fún wọn, Nádíà ló bẹ̀ mí. Ó ní kí n jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí Ìyá bá gbọ́, ojú á tì wọ́n nítorí ohun tí wọ́n sọ sí òun, wọ́n á sì bínú sí èmi tí mò ń tọ́jú wọn. Ní ti Ìyá, àdúrà wọn ló gbà. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn ni wọ́n ń sọ fún pé Ọlọ́run ti tún ìyàwó Wàsíù ṣe.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun alásàárì, Nádíà gbé oúnjẹ fún Ìyá. Ìyá jẹ ẹ́ tán, wọ́n pè é sún mọ́ra, ó kúnlẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí. Wọ́n ní: "Gbogbo ohun tí o ṣe sí mi, mo ti dárí jì ọ́. Kí Ọlọ́run náà dárí jì ọ́."

Nádíà ní: "Àmín, Ìyá. Ẹ ṣé." Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Èmi ni mo gbé omi ìfọwọ́ dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n dákẹ́ bí Nádíà ṣe wí, àbí kí n la ẹnu mi fún Ìyá nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé? Ìdáríjì tí èmi ń wá, ẹni tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ló kúnlẹ̀ gbà á.