Ọwọ́ Tó Bo Ojú Ìyá Rófìá

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́bi. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, bó bá sì fi pẹ́ sí i, iṣẹ́ ẹlòmíì ló máa bá a lọ.

Orí fóònù ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń dúró de aránṣọ mi ní àdúgbò Adébáyọ̀, inú sì ń bí mi. Mo rí olùkọ́ kan nínú fídíò tó na ọwọ́ òsì, tó ń fi ìka ọ̀tún tọ ẹ̀gbẹ́ àwọn ìka náà. Bí ìka bá ń gòkè, á fa èémí sínú. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, á mí jáde. Mo dán an wò lórí àga tí mo jókòó sí. N kò tíì dé ìka kẹta tí ìbínú mi fi rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, pírámárì kẹta, ọmọ méjìdínlógójì. Kí a tó parí ìka karùn-ún, mo gbọ́ bí aago ara ògiri ṣe ń dún. Láti ìgbà náà ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n dé gbòǹgbò. Kí ló dé tí mímí jáde fi ní láti gùn ju mímí sínú lọ? Kí ló dé tí ohun tó ń tu ẹnì kan lára ń mú ẹlòmíì gbọ̀n? Mo ń wo ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Inú ìwé yẹn ni mo fọwọ́ ara mi kọ òfin mẹ́ta sí, nítorí àwọn tí ẹ̀rù ńlá ti bà rí. Ẹni tó bá fẹ́ lajú, ẹ jẹ́ kó lajú. Ẹ jẹ́ kó máa rí ẹnu ọ̀nà. Ẹ má fọwọ́ kàn án láìgba àyè.

Nígbà tí ọ̀gá wa ní kí n wá kọ́ àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, mo fo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo rò pé wọn yóò ba ètò jẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ bá tò láàárọ̀, ẹgba ló ń bá ọmọ tó bá lajú nígbà àdúrà. Ètò tí mo mọ̀ nìyẹn. Mo ní kí gbogbo wọn dijú, mo sì ń rìn káàkiri láàárín àga, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe.

Ìyá Rófìá, ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ náà, nìkan ló lajú. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Mo rò pé ó kà á sí àdúrà àwa oníṣọ́ọ̀ṣì, torí àwọn Mùsùlùmí bíi tirẹ̀ kì í dijú kírun. Mo fẹ́ bá a ṣeré. Mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀ bí a ti ń ṣe fún ọmọdé.

Ó ké. Kí àwọn yòókù tó lajú, mo ti ká ọwọ́ mi kúrò. Ó ti tábìlì ṣubú, ó sáré jáde, ó sì lọ ṣubú sídìí ẹ̀rọ omi. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ohun tí kò yẹ kí n gbàgbé. Ní ọdún méjì ṣáájú, àwọn kan dá a lọ́nà nígbà tó ń ti oko bọ̀, wọ́n fi aṣọ di ojú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo wà lára àwọn tó lọ kí i ní ìlú Ìyìn nígbà tó bọ́.

"Ọwọ́ kan bò mí lójú," ó ń tún un sọ. "Ọwọ́ ènìyàn ni."

Ọ̀gá wa béèrè ẹni tó rí i. Kò sí. Gbogbo wọn ló dijú, èmi ni mo sì ní kí wọ́n dijú. Ọ̀gá wá wò mí. Mo ní n kò rí nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tó ṣe. Wọ́n ń sọ pé orí rẹ̀ kò tíì padà sípò. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kó bá àwọn kí ọwọ́ náà bó bá tún yà. Wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa ṣọ́ yàrá ìkàwé. Ní báyìí, ọ̀gá fẹ́ kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ kí táàmù yìí tó parí, pé kí wọ́n yọ ọ́ nínú kíkọ́ ọmọ pátápátá.

Èyí tó dùn mí jù ni pé èmi ni Ìyá Rófìá wá bá. Ó ní, "Ìyá Dámi, ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan wọ̀nyí. Ṣé ọpọlọ ènìyàn lè dá ọwọ́ sílẹ̀, kéèyàn sì mọ̀ ọ́n lára?" Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Mo ní ká jọ wò ó.

Ó di ọ̀sẹ̀ méje tí a ti ń jókòó ní yàrá ìkàwé nígbà ìsinmi ọ̀sán. Lọ́tẹ̀ yìí, mo pa òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́. Ojú rẹ̀ ń bẹ lára ẹnu ọ̀nà, èmi sì ń ka èémí rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èémí méjì péré ló mí, ó dìde. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mẹ́sàn-án. Inú mi máa ń dùn bí iye náà bá ń lọ sókè, ìdùnnú yẹn sì ń tì mí lójú.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún òun nìkan, àbí níwájú gbogbo àwọn tó dijú lọ́jọ́ náà? Bí mo bá sọ ọ́, ṣé yóò tún lè jókòó ti ẹnikẹ́ni láé?

Lánàá, ó dé èémí mọ́kànlélógún. Lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé mo sọ nǹkan kan, ó ní, "Ìyá Dámi, ẹ bá mi ṣọ́ ẹ̀yìn mi," ó sì dijú.

Èémí mẹ́ta ló mí kó tó lajú. Mo kà á, ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí itan mi.